Rédíò àbí WhatsApp, fláyà àbí Facebook: èwo ni kí bísínẹ̀ẹ̀sì tuntun l'Óṣogbo kọ́kọ́ náwó lé lórí?

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ilé ìfọṣọ, lọ́ńdìrì, ni mo ní l'Ókè-Baálẹ̀, àwọn ọmọ UNIOSUN, yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé aṣọ wá fún mi. Àbúrò mi obìnrin ní tiẹ̀ ń ṣe àdìrẹ, ó ń fi rán báàgì, ó tún ń tà á ní ọ̀pá, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kékeré wà lápá Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọdún kan náà la bẹ̀rẹ̀, owó kan náà ni màmá wa pín fún wa, a sì jọ fi apá kan nínú ẹ̀ polówó ní ìná àpà. Ohun tí mo bá wí nípa ẹ̀ níbí yìí, ọ̀kan nínú àwa méjèèjì ti fi owó ara ẹ̀ dán an wò.

Wọ́n ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àgúnmu pọ̀ lórí àtẹ ẹlẹ́wé ọmọ, èyí tí wọ́n ń lò fún ẹ̀yìn ríro kọ́ ni wọ́n ń lò fún jẹ̀díjẹ̀dí, tẹ́ ẹ bá ṣì í lò ẹ̀yin lẹ máa mọ̀ ọ́n lára.

Ọjà ìtòsí àti ọjà ọ̀nà jíjìn

Kẹ́ ẹ tó yọ kọ́bọ̀ lápò, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ibo ni ẹni tó máa ra ọjà yín máa ń wà nígbà tó bá ń ronú àtirà á. Ẹni tó ń wá lọ́ńdìrì ò ní í gbé ẹrù aṣọ láti Òkè-Fìà wá bá mi l'Ókè-Baálẹ̀, owó kẹ̀kẹ́ nìkan á ti mú un sú u. Ẹni tó máa fún mi lówó, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn wá. Ti àdìrẹ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, torí ìlú aró ni Òṣogbo yìí látayébáyé, àwọn ayàwòrán náà sì kún un látìgbà tí òyìnbó ará Jámánì kan, Ulli Beier, àti ìyàwó ẹ̀ Georgina ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ kọ́ iṣẹ́ ọnà láàárín 1960 sí 1970, ará ìtòsí àbúrò mi tó bá fẹ́ àdìrẹ, ó ṣeé ṣe kí ìyá ẹ̀ fúnra ẹ̀ máa rẹ ẹ́. Àwọn tó ń ra tiẹ̀ wà l'Ékòó, wọ́n wà l'Ábújá, àwọn kan wà lókè òkun.

Ohun kejì ni pé ṣé oníbàárà yẹn á padà wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìfọṣọ mi bá tẹ́ lọ́rùn á máa gbé aṣọ wá títí á fi jáde níléèwé. Ẹni tó ra báàgì lónìí, bóyá ọdún tó ń bọ̀ la tún máa gbúròó ẹ̀. Ká ní mo fi ₦20,000 polówó tí èèyàn 10 sì tìtorí ẹ̀ wá, ₦2,000 ni mo fi ra orí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lójú ẹni tó ń ta nǹkan tí wọ́n ń rà lẹ́ẹ̀kan péré tí èrè orí ẹ̀ ò ju ₦1,500, gbèsè nìyẹn. Lójú èmi tí ẹni yẹn á padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e, owó gidi ni. Torí ẹ̀ tẹ́nì kan bá ń pariwo pé "Facebook ò dáa, mo dán an wò," ẹ bi í kí ló ń tà ná.

Rédíò àti Facebook

Ìlú rédíò ni Òṣogbo, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín. OSBC wà, Rave FM 91.7 wà, àwọn tó ń ti Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà wọlé náà wà. Láàárọ̀ tí wọ́n bá ti ń ka ìwé ìròyìn lédè Yorùbá, ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ẹ dé ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì, ẹ yà sọ́dọ̀ ìyá tó ń lọ ata l'Ọ́jà Ọba, rédíò ń sọ̀rọ̀ lọ níbẹ̀ ni. Ọ̀nà méjì lẹ lè gbà wọbẹ̀. Àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sanwó fún ilé iṣẹ́ rédíò kí wọ́n máa lu jíńgù yín. Ìkejì, kẹ́ ẹ wá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ti ra àsìkò fúnra ẹ̀, tó ń wá ẹni tó máa gbọ̀wọ́ fún ètò ẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni, ìkejì ni n bá mú, torí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, á kọrin sí i, àwọn èèyàn ẹ̀ sì gbà á gbọ́ ju jíńgù lọ. Ẹ lè dúnàádúrà pẹ̀lú ẹ̀ náà, ti ilé iṣẹ́, ìwé iye owó ni wọ́n máa nà sí yín.

Àkọ́kọ́ yẹn lèmi ṣe ṣá. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Jíńgù mi dùn létí, dùndún wà níbẹ̀, ọkùnrin kan ń pariwo "aṣọ yín á mọ́ tónítóní!" Mi ò béèrè aago tí wọ́n máa lù ú, ẹ̀bi mi nìyẹn, ilé iṣẹ́ tí mo lọ náà ò sì sọ fún mi pé ọ̀sán ni wọ́n fi èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ sí. Àwọn ọmọ iléèwé wà ní kíláàsì lọ́sàn-án, tí wọn ò bá tiẹ̀ sí ní kíláàsì, èwo nínú wọn ló ń gbọ́ rédíò? Ẹnì kan ṣoṣo ló wá tìtorí jíńgù yẹn, bàbá kan tó gbé agbádá mẹ́ta wá láti Ọ̀tà-Ẹ̀fun, ó ní kí n fi sítáàṣì sí i kó dúró gangan. Mo fọ̀ ọ́, bàbá dúpẹ́, mi ò rí wọn mọ́.

Ṣùgbọ́n ká ní oúnjẹ adìyẹ ni mo ń tà, tàbí páànù, tàbí nǹkan tí àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ń rà, n bá tún lọ sí rédíò lọ́la. Ẹ ṣáà gba ìwé tó sọ aago àti iye ìgbà tí wọ́n máa lù ú kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ sì jókòó tì í kẹ́ ẹ gbọ́ ọ fúnra yín.

Facebook àti Instagram, ẹ̀yin lẹ máa yan ẹni tó máa rí i, ìlú wo, ọmọ ọdún mélòó, ọkùnrin àbí obìnrin, kìlómítà mélòó yí ṣọ́ọ̀bù yín ká. Ẹ lè fi owó tíńtín bẹ̀rẹ̀, tí kò bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kẹta ẹ pa á. Rédíò ò ní í ṣe ìyẹn fún yín láéláé. Ẹ rántí pé wọ́n á fi VAT 7.5% lé iye tẹ́ ẹ bá ná, kó má yà yín lẹ́nu tí owó tó kúrò ní báńkì bá ju iye tẹ́ ẹ kọ lọ. Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣubú ni bọ́tìnnì Boost, èyí tí wọ́n fi ń sọ ohun tẹ́ ẹ gbé síbẹ̀ di ìpolówó, torí ó rọrùn láti tẹ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ láìsọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́, láìkì ló lè máa wá fún yín. Láìkì ò ṣeé fi ra ọṣẹ. Ẹ yàn án pé kí wọ́n fi méséèjì ránṣẹ́ sí WhatsApp yín, ẹni tó bá kọ̀wé sí yín ti gbé ẹsẹ̀ kan sọ́jà.

Fọ́tò wá ńkọ́? Àbúrò mi kọ́kọ́ ń ya aṣọ ẹ̀ lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù, aró tó dúdú mìnìjọ̀ bẹ́ẹ̀, á kàn jáde bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú ẹ̀ẹ́dú, ẹnì kan bi í ṣé aṣọ ọ̀fọ̀ ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yà á níta láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Èyí tó wá ta ọjà jù lọ, kì í ṣe fọ́tò rárá. Ó gbé fóònù lé orí àpótí, ó ń fa aṣọ jáde nínú ìkòkò aró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti rí i rí á mọ̀, bí aṣọ bá ṣe ń jáde, àwọ̀ ewé ló máa ní, á tutù yọ̀yọ̀ bí ẹ̀fọ́, bí atẹ́gùn bá ṣe ń fẹ́ sí i lá máa yí padà díẹ̀díẹ̀, á di búlúù lójú yín níbẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan, ohùn omi tó ń kán ló wà níbẹ̀ àti ti adìyẹ kan tó ń ké. Wọ́n ń béèrè iye owó títí ilẹ̀ fi ṣú. Iṣẹ́ tẹ́yin ń ṣe lójoojúmọ́ tó ti sú yín wò, ẹlòmíì ò rí i rí, ìyẹn ni kẹ́ ẹ máa yà. Ní tèmi, mo gbìyànjú àtiya aṣọ tó ń yí nínú ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó wò ó.

WhatsApp: status, broadcast, group

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò rí bákan náà o, dátà sì ni olórí ohun tẹ́ ẹ máa náwó lé. Ẹ kọ́kọ́ lọ gbé WhatsApp Business sórí fóònù, ó ti wà láti 2018, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè to ọjà àti iye owó sínú kátálọ́ọ̀gì kó lè dín "how much" kù, ẹ lè kọ èsì sílẹ̀ fún ẹni tó bá kọ̀wé sí yín lóru.

Status á lo wákàtí 24, á sì parẹ́. Ó dáa fún nǹkan tó ń lọ lójoojúmọ́, "àwọn tí aṣọ wọn ti yá lónìí nìyí, ẹ wá gbé e." Kò sẹ́ni tó máa bínú sí yín torí status, ẹni tí ò bá fẹ́ wò ó á fò ó. Àbùkù ẹ̀ ni pé ẹni tẹ́ ẹ ní nọ́ńbà ẹ̀ tóun náà sì ní tiyín nìkan ló ń rí i.

Broadcast, ọ̀rọ̀ kan lẹ máa fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n lójú ẹnì kọ̀ọ̀kan ó máa dà bíi pé ẹ̀yin àti òun nìkan lẹ jọ ń sọ̀rọ̀. Èèyàn 256 ni lísìtì kan ń gbà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa o, ẹni tí ò bá sefù nọ́ńbà yín, kò ní í dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Mo fi oṣù méjì ránṣẹ́ sí àwọn tí mo gba nọ́ńbà wọn nígbà tí iléèwé wọlé, mo rò pé wọ́n ń fojú pa mí rẹ́, àṣé wọn ò tiẹ̀ rí i. Báyìí, tẹ́nì kan bá gbé aṣọ wá, mo máa ń ní "ẹ jọ̀ọ́ ẹ sefù mi sí Lọ́ńdìrì kí n lè sọ fún yín tó bá ti yá," wọ́n á sefù ẹ̀ níwájú mi. Ẹ má ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ, torí táwọn èèyàn bá ń bulọ́ọ̀kì yín tàbí tí wọ́n ń fẹjọ́ yín sùn, WhatsApp lè ti nọ́ńbà yẹn pa, nọ́ńbà tó wà lára sáínbọ́ọ̀dù yín nìyẹn ẹ̀yin èèyàn mi.

Group, mi ò fẹ́ràn ẹ̀ fún ọjà. Ẹnì kan á ní "good morning," ẹlòmíì á fi fídíò àdúrà sí i, ẹnì kan tí aṣọ ẹ̀ pẹ́ ọjọ́ kan á sọ ọ́ síbẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ó dáa fún ẹni tó ń ta nǹkan tí wọ́n ń pín, bíi màlúù tàbí àpò ìrẹsì.

Fláyà, sáínbọ́ọ̀dù àti Google Maps

Ti ọjà ìtòsí, ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Fláyà ò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ ka nọ́ńbà fóònù yín sókè níwájú ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́. Ẹgbẹ̀rún kan lèmi tẹ̀, nọ́ńbà kan ló yí padà, 6 di 9. Ìyá kan ló ń gbé ìpè mi, ìyá yẹn ní sùúrù ọjọ́ mẹ́rin, lọ́jọ́ karùn-ún wọ́n ń ṣépè. Mo fi báírò tún ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ṣe, ọwọ́ ro mí, mo fi ìyókù dáná. Ibi tẹ́ ẹ bá ti pín in náà ṣe pàtàkì. Ní Ọláìyá tí ọkọ̀ ń ya síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín wọ́n á jù ú sílẹ̀ kí wọ́n tó rékọjá. Èyí tí mo fi há ẹnu ilẹ̀kùn hóstẹ́ẹ̀lì ní ìrọ̀lẹ́ Sunday, tí gbogbo wọn ń wo òkìtì aṣọ ìdọ̀tí tí wọ́n ń kẹ́dùn, èyí ló mówó wá. Sunday kan ṣoṣo sanwó fún gbogbo ẹ̀.

Sáínbọ́ọ̀dù wọ́n ju fláyà lọ, ìjọba náà á wá gba tiwọn lórí ẹ̀, ẹ béèrè iye tó jẹ́ kẹ́ ẹ tó rì í mọ́lẹ̀. Àmọ́ òun kì í sùn. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ń ṣe ní lẹ́tà tó tóbi ju orúkọ yín lọ, mo ti rí sáínbọ́ọ̀dù kan l'Álékúwodò, "God's Favour Ventures" ni, mo kọjá níbẹ̀ bí ọdún kan, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń tà.

Google Maps, ọ̀fẹ́ ni, ó sì yà mí lẹ́nu bí àwọn oníṣọ́ọ̀bù wa ò ṣe kà á sí. Google Business Profile ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù sí i, ibi tó wà, aago tẹ́ ẹ ń ṣí, fọ́tò, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ ya fídíò ibẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe irọ́. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìlọrin tí ò mọ ẹnì kankan, fóònù ló máa bi pé lọ́ńdìrì wo ló wà nítòsí. Ẹni yẹn ti ṣe tán àtisanwó kẹ́ ẹ tó mọ̀ ọ́n. Ẹ bẹ àwọn tí inú wọn dùn kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀, ẹ má fowó rà á, Google ò fẹ́ ẹ, wọ́n sì lè yọ ọ́ dànù.

SMS

Díẹ̀ ni màá sọ lórí ìyẹn. Lẹ́tà 160 ni ojú ewé kan ń gbà tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ láìsí àmì. Ẹ fi ẹ àti ọ àti ṣ tó ní àmì lábẹ́ sí i, ó di 70. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ rò pé ó máa jẹ́ ojú ewé kan, ẹ máa sanwó mẹ́ta. Ó dùn mí láti sọ ọ́, torí mo fẹ́ràn kí Yorùbá ní àmì orí, ṣùgbọ́n àpò mi ò gbà. Ẹni tó bá ti fi STOP ránṣẹ́ sí 2442, ìpolówó yín ò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ẹ má sì lọ máa ra nọ́ńbà àwọn èèyàn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òfin tó dáàbò bo àṣírí àwọn èèyàn ti jáde láti 2023. Ẹ lò ó fún "aṣọ yín ti yá" nìkan.

Gbajúmọ̀ orí ẹ̀rọ àti oníbàárà tó ń júwe

Àbúrò mi sanwó fún ẹnì kan tó ní ọmọlẹ́yìn rẹpẹtẹ, aláwàdà ni, kó gbé báàgì ẹ̀ dání nínú fídíò kan. Fídíò pani lẹ́rìn-ín gan-an, àwọn tó wò ó ò kéré. Báàgì mélòó ló tà? Odo. Àwọn tó ń wò ó, ẹ̀rín ni wọ́n wá rín, wọn ò wá ra báàgì. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tó ń rán aṣọ ìyàwó, tí àwọn tó ń tẹ̀ lé e ò pọ̀, kàn gbé báàgì yẹn lọ sóde l'Ékòó, ẹni mẹ́fà béèrè lọ́wọ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa sanwó fún ẹnì kan, ẹ wo àwọn tó ń dá a lóhùn, ṣé irú ẹni tó máa ra ọjà yín ni wọ́n?

Ní tèmi, èènì ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Gbogbo wa la dàgbà sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́wà tó máa ń bu ṣíbí kan lé e lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti sanwó, ìyẹn lẹ ṣe ń fò ṣọ́ọ̀bù méjì kọjá kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mú ọ̀rẹ́ wá, mo fọ ṣẹ́ẹ̀tì méjì fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀rẹ́ yín náà gba ọ̀kan. Kò ná mi tó jíńgù ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n èènì ò lè ṣiṣẹ́ tí iṣẹ́ ò bá dáa, lọ́sẹ̀ tí iná ò wà tí aṣọ pẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, òfo ni.

Èwo wá ni kẹ́ ẹ mú?

Tí owó tó wà lọ́wọ́ ò bá ju ₦50,000, méjì péré ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ fún un ní oṣù méjì. Lọ́ńdìrì, onígbàjámọ̀, ilé oúnjẹ, kẹ́místì: Google Maps àti fláyà tàbí sáínbọ́ọ̀dù, WhatsApp ni kẹ́ ẹ fi mú wọn dání lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wá. Àdìrẹ, ìlẹ̀kẹ̀, ọnà: Instagram àti Facebook, kẹ́ ẹ sì fi owó díẹ̀ pa mọ́ de August tí Ọdún Ọ̀ṣun bá dé, torí látìgbà tí UNESCO ti fi Igbó Ọ̀ṣun sára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, àlejò tó ń wá ò kéré, àbúrò mi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fídíò sórí Instagram láti ìbẹ̀rẹ̀ July kí wọ́n ti mọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Ẹni tó bá ń ta fún àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ wá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe nǹkan jíjẹ tàbí àgbo sínú ike, ẹ yanjú ọ̀rọ̀ NAFDAC kẹ́ ẹ tó polówó, kó má di pé ìpolówó yín ló júwe ilé yín fún wọn.

Ẹ ra ìwé ẹ̀sásáìsì kan. Tèmi wà lórí káńtà, mo fa ìlà sí i: fláyà, Google, ọ̀rẹ́, rédíò, sáínbọ́ọ̀dù, WhatsApp. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ wọlé, "ẹ káàbọ̀, ta ló júwe wa fún yín?" mo fa igi kan. Ìwé yẹn ló sọ fún mi pé kí n jáwọ́ nínú rédíò, kì í ṣe ọpọlọ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ìyá àgbà kan wọlé tàwọn ti aṣọ òfì, mo bi wọ́n. Wọ́n ní, "Ta ni ì bá júwe yín? Mo ń kọjá lọ ni, òórùn ọṣẹ yín gbà mí nímú." Mo ronú díẹ̀, mo fa ìlà tuntun, mo kọ "òórùn" sórí ẹ̀, mo fa igi kan sí i.